Iná Àkọ́kọ́ Ilé Ààrò Abúlé

Ọkùnrin ará Pakistan kan ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ nínú ààrò amọ̀ ní òpópónà tí mò ń gbé ní West Ridge. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìyẹ̀fun, èyí tó kù jẹ́ ti ọjọ́ orí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ ọmọ mi, Tọ́mi, yà síbẹ̀ láti sá fún òtútù. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ni òórùn igi tó ń jó àti ti búrẹ́dì tó ń pọ́n lù mí nímú, mo sì dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé, n kò jáde.

“Grandma, ẹ wọlé now, it’s freezing,” ni Tọ́mi wí lẹ́yìn mi.

“Ó ń run bí abúlé wa,” ni mo dá a lóhùn.

“Which abúlé? Abẹ́òkúta?”

“Ṣé Abẹ́òkúta ni abúlé? Abúlé wa ní Jámánì ni mo wí.”

Tọ́mi yọ ọ̀kan nínú ohun tó kì bọ etí rẹ̀ kúrò, àpọ́nlé ńlá sì nìyẹn lọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. “Wait. Ẹ gbé ní Germany rí? Kí ló dé tí nobody told me?”

Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Chicago yìí, mo tọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà títí tó fi dẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Schaumburg. Láàárín iṣẹ́ àṣemọ́jú àti owó ilé, ta ló ráyè ìtàn? Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, àyè wà. Mo jókòó kọ ọ́ fún Tọ́mi, àti fún gbogbo ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n bí àwa àgbà sí, tí a sì bọ́ sílẹ̀ ní O’Hare pẹ̀lú àpótí wa lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló rán an lọ sí Jámánì kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ṣe, ó sì mú èmi àti ìyá mi dání. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, èmi nìkan ni wọ́n sì tíì bí. Ilé gbígbé wọ́n nínú ìlú tí ó ti ń kọ́ṣẹ́, ni ẹnì kan bá júwe abúlé kan fún un lódìkejì igbó, níbi tí bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Ántọ́n ti ní yàrá méjì lókè ilé rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Bí a ṣe di ará abúlé nìyẹn.

Orúkọ abúlé náà gùn, ó sì kún fún àwọn ìró tó ń họ èèyàn lọ́fun. Ìyá mi gbìyànjú rẹ̀ títí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó sì ń pè é ní Ìsàlẹ̀ Òkè títí a fi kúrò níbẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ òkè ló wà lóòótọ́. Àwọn ilé ibẹ̀ fara mọ́ra, òrùlé wọn pupa, ó sì ga ṣóńṣó kí yìnyín lè máa yọ̀ sílẹ̀. Màlúù ń gbé nísàlẹ̀, èèyàn ń gbé lókè, ooru ara màlúù á sì máa bá wọn mú ilé móoru nígbà òtútù. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n to ìgbẹ́ màlúù jọ ní òkìtì, bí òkìtì náà bá sì ṣe ga tó ni wọ́n fi ń mọ olówó. Bàbá mi ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò ṣe fáàrí, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ ṣe é.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí agogo rẹ̀ ń sọ wákàtí fún gbogbo ayé. Igi ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí àwọn bàbá àgbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, òkúta kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ abúlé tí ogun pa sí lára. Ara òkúta yẹn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà ní èdè wọn. Ọ̀rẹ́ mi Gíréta, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà níléèwé, ló ń kọ́ mi. Á fìka tọ́ka sí lẹ́tà, èmi á pè é. Orúkọ ìdílé àwọn òkú náà ni orúkọ ìdílé àwọn ọmọ kíláàsì wa, nítorí náà mo mọ gbogbo agbo ilé abúlé náà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ omi mu. Ìyá mi máa ń di irun Gíréta fún un, á sì máa ráhùn pé irun náà ń yọ̀ bí ẹja.

Ọjọ́ tí a dé, Bàbá Ántọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú odindi búrẹ́dì kan àti iyọ̀ nínú àwo kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá kó dé ilé tuntun. Omi bọ́ lójú ìyá mi nítorí iyọ̀ yẹn. Ta ni yóò gbé iyọ̀ fún ọ tí kò fẹ́ kí ayé rẹ dùn? Ti búrẹ́dì náà ni kò yé e. Ó dúdú, ó kan, ó sì le. Ìyá mi fi agídí gé e, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní àwọn èèyàn yìí dára púpọ̀ ṣùgbọ́n òkò ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọmọ oníbúrẹ́dì ni ìyá mi. Ìyá rẹ̀ ní ààrò amọ̀ ńlá lẹ́yìn ilé ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọṣẹ́ máa ń dáná sí i kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tó bá gbóná dáadáa ni ìyálé ilé á tó jáde síbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó ti pò mọ́ ṣúgà àti èròjà tó ń ta sánsán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ yẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin abúlé náà ní sítóòfù nílé, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ kì í ti ibẹ̀ jáde. Ilé kékeré kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ ló wà láàárín abúlé, òun ni ilé ààrò gbogbo wọn. Wọ́n ní láyé àtijọ́ iná ti inú ààrò ẹnì kan jáde, ó sì jó ìdajì abúlé, láti ìgbà náà ni àwọn baba ńlá wọn ti fòfin dè é pé ojú kan ni kí gbogbo ilé ti máa yan búrẹ́dì. Ààrò kan ṣoṣo ni, ilé sì pọ̀, nítorí náà kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Ántọ́n, tó ń bójú tó ilé ààrò, á lu agogo ọwọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin á sì pé. Igi pẹlẹbẹ kékeré kan wà fún ilé kọ̀ọ̀kan nínú àpò awọ rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ àmì ilé náà sí i lára: ẹja, kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ ẹṣin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí igi wọ̀nyẹn bá ṣe jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn ilé yóò ṣe tẹ̀ léra wọn lọ́jọ́ Sátidé. Kálukú á gba igi tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì dá a padà fún un tó bá yan búrẹ́dì tán.

Ẹni tí igi rẹ̀ bá wà nínú àpò yẹn, ọmọ abúlé ni. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ lè máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa kí i, kí wọ́n máa bá a rẹ́rìn-ín, àlejò ni. Ìyá mi kò tíì gbé ibẹ̀ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi yé e. Ó fẹ́ kí igi tiwa wọnú àpò yẹn, ó fẹ́ ẹ gan-an, ó sì sọ fún Bàbá Ántọ́n láìfi bò. Bàbá Ántọ́n ní òun yóò bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, pé kò sí ìkánjú.

Ìgbálẹ̀ ló bá wa ṣí ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn obìnrin abúlé máa ń gbálẹ̀ iwájú ilé wọn títí dé àárín títì. Ìyá mi, tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé àràárọ̀ ni èèyàn ń gbálẹ̀, kò lè dúró de Sátidé, ó ń gbá a lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí obìnrin ilé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tirẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ta ló fẹ́ kí àlejò fi òun hàn ní ọ̀bùn? Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Bàbá Ántọ́n ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, títì abúlé náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, inú sì tún ń bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọ́n sì ní kí ó gbẹ́ igi fún wa.

Òtútù ti wọlé nígbà tí Bàbá Ántọ́n jókòó ti ọ̀bẹ rẹ̀. Ó béèrè irú àmì tí ìyá mi fẹ́, ìyá mi ní ọ̀pẹ. Bàbá Ántọ́n kò rí ọ̀pẹ rí láyé rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ júwe, èmi ń túmọ̀, ohun tó gbẹ́ sì jọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè. Ìyá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ìgbálẹ̀ náà ni wọ́n ṣáà fi mọ òun.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún un, nítorí lójú tiwọn kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí igi rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde ló ni ìyà ọjọ́ náà. Òun ni yóò jí ní ìdájí, òun ni yóò fi igi ìdáná tirẹ̀ dáná sínú ààrò tó ti tutù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, títí òkúta ibẹ̀ yóò fi gbóná. Búrẹ́dì tirẹ̀ á jóná nísàlẹ̀, á sì funfun lókè. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e kàn ń fi igi díẹ̀ kún un ni, tiwọn ló sì ń dára jù. Ìyá mi, ọmọ ilé tó ní ọmọṣẹ́, rò pé Bàbá Ántọ́n ló ń dáná náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ṣáájú ni wọ́n pọ́n lé jù lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́ wa, ìyá mi wé gèlè lé orí fìlà òtútù, a sì lọ. Bàbá Ántọ́n gbọn àpò, ó fa igi àkọ́kọ́ yọ: ọ̀pẹ wa ni. Obìnrin kan fọwọ́ kan ìyá mi léjìká láti bá a kẹ́dùn, ìyá mi rò pé ó ń kí òun kú oríire ni. Lẹ́yìn náà ni igi ẹja jáde, ti Ọ́má Hánà. Ọ́má ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀, ìyá àgbà Gíréta sì ni Ọ́má Hánà, òun ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn tó ṣì ń yan búrẹ́dì, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ara ìyá mi kò gbà á. Báwo ni òun, ọmọ àná, yóò ṣe ṣáájú irú àgbà bẹ́ẹ̀? Ó mú igi tiwa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ́má Hánà, ó sì gba igi ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

“Sọ fún Màmá pé àgbà ni wọ́n,” ló wí fún mi. “Àwọn ló yẹ kó ṣáájú.”

Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, n kò yọ, n kò fi kún un. Ọ́má Hánà wo igi náà, ó fi í sínú àpò aṣọ ìdáná rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan péré.

“Lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ìyá mi ń dunnú bọ̀ wálé pé òun ti ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí yóò fi kàn wá, Ọ́má Hánà ti lọ sílé, ààrò ti gbóná, ìyá mi sì yan búrẹ́dì aládùn bíi ti ìyá rẹ̀. Ó gé e gbígbóná, ó gbé e fún àwọn obìnrin tó ń dúró de tiwọn. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Gíréta ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí bẹ́ńṣì mìíràn. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni mo ṣe, ó ní ìyá òun ní kí òun má bá mi rìn mọ́. Mo sunkún dé ilé. Bí wọ́n bá sì bi mí lónìí nípa gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo ti pàdánù láyé, Gíréta yẹn ni mo máa kọ́kọ́ rántí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ántọ́n fa gbogbo igi yọ nínú àpò títí tó fi ṣófo. Tiwa kò sí níbẹ̀. Igi ẹja Ọ́má Hánà ló kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ náà, kèké ló mú un lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó tì í síwájú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Ántọ́n gòkè wá sí yàrá wa. Ó jókòó, ó gbé igi ọ̀pẹ wa sórí tábìlì, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi ló túmọ̀ fún ìyá mi nítorí ọ̀rọ̀ náà ju agbára mi lọ. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyà ẹni tó bá ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí àwọn ará abúlé kì í sọ fún àlejò. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn tí wọ́n lé kúrò ní ilẹ̀ ìlà-oòrùn rọ́ wá sí abúlé náà pẹ̀lú ẹrù nínú ọmọlanke. Hánà wà lára wọn, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ wà lápá rẹ̀. Jámánì ni gbogbo wọn, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ àwọn onílé kò gbẹ́ igi fún wọn sínú àpò. Wọ́n ní bí àwọn àlejò náà bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì, kí wọ́n máa ṣáájú nígbà gbogbo, kí wọ́n máa mú ààrò gbóná fún àwọn onílé. Ọdún gbọọrọ ni Hánà fi ń ṣa igi nínú igbó láti dáná fún àwọn tí kì í kí i lọ́nà, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹja fún un.

“Ìyá tèmi wà lára àwọn tó ṣe é fún un,” ni Bàbá Ántọ́n wí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ wá rò ó wò. Àlejò tuntun dé, kèké mú un, ó gbé ìyà tirẹ̀ lé Hánà lọ́wọ́ lójú gbogbo abúlé. Àwọn obìnrin náà rò pé alárékérekè ni ìyá mi, pé ó ti mọ ẹni tó rọrùn láti tì síwájú. Hánà ní tirẹ̀ kò bínú tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn rò pé wọ́n ti dá òun padà sí ipò tí òun wà tẹ́lẹ̀ ni.

Bàbá mi ní kí ìyá mi má dààmú, pé iṣẹ́ òun kò ní pẹ́ parí níbẹ̀, pé wọ́n ń ta búrẹ́dì nígboro. Ó ní tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì, kí ó ra ṣokoléètì sínú páálí aláràbarà kí ó fi ránṣẹ́, bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ búrẹ́dì,” ni ìyá mi wí. “Mo ti ṣẹ àgbà. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà.”

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun wọ igbó Bàbá Ántọ́n lọ, a ṣẹ́gi. Ìyá mi dì í, ó ṣu òṣùká, ó gbé e rù. Ní ìdájí Sátidé ó tún gbé e rù, a sì gba àárín abúlé kọjá nínú yìnyín, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ìdì kékeré tèmi. Mo rí bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ojú fèrèsé sókè nílé dé ilé. Wọn kò rí ẹni tó ń ru igi sórí rí, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá jí lọ ṣe ìtọ̀ láàárọ̀ yẹn padà jí gbogbo ará ilé rẹ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà Ọ́má Hánà bó ṣe ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ìyá mi sọ igi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì sínú yìnyín, kò sì dìde.

“Sọ fún Màmá pé nílẹ̀ wa, àgbà ló ń ṣáájú. N kò mọ̀ pé ẹrù ni ṣíṣáájú níbí. Kí wọ́n má bínú sí mi.”

Mo sọ ọ́. Ọ́má Hánà wo ìyá mi tó kúnlẹ̀, ó wo igi, ó wá kọjú sí èmi.

“Nílẹ̀ yín,” ló bi mí, “kí ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣáájú?”

Mo ronú, mo fẹ́ sọ òótọ́. “Ẹran tó tóbi jù,” ni mo dáhùn.

Ọ́má Hánà bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín obìnrin tó sanra ni nínú ara obìnrin tó gbẹ. Ó fi ọwọ́ òsì fa ìyá mi dìde, ó ní Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún lábúlé yẹn, àti pé yìnyín kò dára fún orúnkún. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ ọ̀kan nínú igi wa, kò dá, ó kàn tẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní igi yìí tutù, pé bí a bá fi dáná, èéfín yóò pa gbogbo abúlé. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀ níbi tó to igi gbígbẹ sí, ó fi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n hàn wá, a sì jọ kó o lọ sí ilé ààrò.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n dáná náà. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, mo sì ti sùn lọ sórí àpò ìyẹ̀fun, nítorí náà n kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti jókòó pọ̀ lórí bẹ́ńṣì kan, ojú àwọn méjèèjì dúdú fún èéfín, wọ́n ń mu kọfí nínú ife kan náà. Àwọn obìnrin yòókù dé, wọ́n bá wọn bẹ́ẹ̀. Ọ́má Hánà kò sọ nǹkan kan fún wọn. Lẹ́yìn búrẹ́dì rẹ̀, ó nawọ́ sí ìyá mi pé òun ló kàn, ìyá mi yan búrẹ́dì aládùn, Ọ́má Hánà sì kọ́kọ́ mú nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọwọ́ tó kù na jáde. Gíréta jẹ ìpín tirẹ̀ àti ìdajì tèmi, mo sì fi sílẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ́má Hánà mú igi ọ̀pẹ wa lọ́wọ́ Bàbá Ántọ́n, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú àpò. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, igi tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn pátápátá, ipò tó dẹ̀ jù lọ, tí ẹni tó bá bọ́ sí i kò ní jí ní ìdájí. Ó jí. Ó di igi gbígbẹ sápá, ó gbé e lọ fún ẹni tó ṣáájú, ó ní, “Igi Wúrà rèé.” Wúràọlá ni orúkọ ìyá mi, ibi tí ẹnu wọn gbé e dé nìyẹn. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni tó bá gbẹ̀yìn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣáájú dá iná náà nìkan. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó fi ṣòfin.

Iṣẹ́ bàbá mi parí, a padà sí Ìbàdàn, wọ́n bí àwọn àbúrò mi. Ayé yí, èmi náà sì yí dé Chicago. Ìyá mi ti re ibi àgbà ń rè, Ọ́má Hánà àti Bàbá Ántọ́n ti lọ ṣáájú rẹ̀ tipẹ́. Gíréta wá mi rí lórí Fésíbúùkù lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, irun rẹ̀ ti funfun, ó ṣì ń yọ̀. Ó ní màlúù ti tán lábúlé, òkìtì ìgbẹ́ ti di ọgbà òdòdó, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ nígboro. Wọ́n ti ilé ààrò pa fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí gbogbo ayé ń ra búrẹ́dì inú ọ̀rá. Àwọn ọ̀dọ́ ló tún un ṣe, wọ́n sì ń dáná sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún báyìí, lọ́sàn-án gangan, nítorí kò sẹ́ni tó lè jí ní ìdájí mọ́. N kò dá wọn lẹ́bi. Èmi náà tó ń kọ èyí, inú ẹ̀rọ ni mo ti ń gbé búrẹ́dì mi gbóná.

Lẹ́yìn tí èmi àti Tọ́mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ará Pakistan yẹn, mo sọ ìtàn yìí fún un títí a fi délé. Ó ní kí n pe Gíréta kí òun rí i, “or I won’t believe you, Grandma, ẹ má bínú.” A pè é ní àárọ̀ Sátidé, ó sì bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń yan búrẹ́dì. Tọ́mi di fóònù mú, ó fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀ kí Gíréta, mo sì gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi. Gíréta yí fóònù tirẹ̀ káàkiri: òkúta náà rèé, ẹnu ààrò náà rèé, ó dúdú bó ṣe wà.

Ọmọbìnrin kékeré kan sáré wọlé, ìyẹ̀fun wà nímú rẹ̀. Ọmọ ọmọ Gíréta ni. Kò wo fóònù rárá, iṣẹ́ ni wọ́n rán an.

“Wúrà ti dé?” ló béèrè.

“She just said Màmá àgbà’s name,” ni Tọ́mi wí wẹ́rẹ́ sí mi létí. “Why did she say the name?”

Kò sí Yorùbá kan ní gbogbo agbègbè yẹn. Ọmọ náà kò mọ̀ wá, ìyá tó bí i kò mọ̀ wá. Igi ni ó ń béèrè, ìdì igi tí ẹni tó gbẹ̀yìn máa ń gbé wá fún ẹni tó ṣáájú, orúkọ tí gbogbo ọmọ abúlé ń pè é nìyẹn, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni igi náà ṣe ń jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Èdè Jámánì mi ti dípẹtà, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn kí Gíréta tó lanu.

“Ó ti dé.”

Ọmọ náà wo fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́. Gíréta sọ fún un pé ọmọ Wúrà ni èmi tó sọ̀rọ̀ yìí. Ó wò mí, ó wo ìdì igi tó wà nílẹ̀, ó tún wò mí, ó sì béèrè bóyá èèyàn ni Wúrà.

“Èèyàn ni,” ni mo wí fún un. “Ìyá mi ni. Ó yá, ẹ dáná.”